Ìtumọ̀ Tí Wọ́n Fún Àwòrán Zulfah

Zulfah kò ní nǹkan kan lọ́kàn ju pé ó fẹ́ràn Ebiere lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí nínú gbogbo ohun tí aráyé padà sọ pé ọmọbìnrin yìí ń rò, kò sí ẹyọ kan tó rò ó rí.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, ní Warehouse Road, l'Ápápá. Òun ló ń tọ́jú ìwé wọn. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan tí iná lọ, tí ọ̀gá sì ti jáde, ó fa ìwé ẹrù kan tí wọn ò lò mọ́ yọ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó mú báírò búlúù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya Ebiere sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń yà á, ó ń jẹ dòdò tó rà lẹ́nu géètì.

Olórin ni Ebiere. Ọmọ Ìjọ̀ ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí, ìdí nìyẹn tó fi lè bẹ̀rẹ̀ orin ní Yorùbá, kó gbé e gba pijín, kó wá fi èdè ìyá rẹ̀ parí rẹ̀, tí ẹni tó ń gbọ́ ò sì ní sọnù lójú ọ̀nà. Nígbà tí ìyá Zulfah kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ohùn Ebiere ló ń gbọ́ sùn, òun ló sì ń gbọ́ jí. Kò bá Ebiere pàdé rí. Síbẹ̀, tó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ máa rò pé inú yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn.

Ó ti wá tó oṣù mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ti gbúròó Ebiere gbẹ̀yìn. Kò kọrin tuntun, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sórí Fesibúùkù, ilé tó ń gbé ní Lẹ́kí sì ti di ti ẹlòmíràn. Àárò rẹ̀ ń sọ Zulfah. Àárò yẹn ló fi yà á.

Àwòrán náà kò ní wàhálà kankan nínú. Ebiere dúró, ó wọ kaba gígùn, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dijú. Ọwọ́ wà lẹ́yìn nítorí pé Zulfah kò mọ ìka yà. Tó bá ya ìka, á dà bí ìdì ata. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló hàn, nítorí pé ìwé tán kó tó kan ìkejì. Nọ́ńbà kọ̀nténà tó wà lójú ìwé náà hàn fírífírí láti ẹ̀yìn, 417. Òróró dòdò kán sí apá òkè, lẹ́bàá èjìká Ebiere.

Ti ojú nìkan ló ní ìtàn. Bàbá Zulfah, Mansur Àjàmú, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń tún táyà tírélà ṣe ní Malu Road, kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré. Nígbà tí Zulfah wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó fi èédú ya ìyá rẹ̀ sára ògiri, ó sì la ojú fún un, ojú ràbàtà bíi ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Bàbá rẹ̀ kò nà án. Ó gbé e jókòó, ó ní Ọlọ́run nìkan ló ń dá ohun tó lẹ́mìí, àti pé lọ́jọ́ ìdájọ́, wọ́n á sọ fún ẹni tó ya àwòrán pé kó mí èémí sí i nínú. "Ṣé o lè mí i sí i?" Ọmọ ọlọ́mọ bú sẹ́kún. Ìyá ló bá wọn yanjú rẹ̀: kí Zulfah máa yàwòrán rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó má la ojú fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dijú, oorun ló ń sùn, ẹni tó ń sùn kò sì ní béèrè èémí lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹni tí Zulfah bá yà ti ń sùn: ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ ń sùn, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń sùn, ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu náà ń sùn.

Ó ya fọ́tò àwòrán náà, ó gbé e sórí Fesibúùkù, ó kọ "Ebiere mi" sábẹ́ rẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ti rí i. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Raphael ló dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbé àwòrán àti fídíò olókìkí kalẹ̀, kó fi ọfà pupa tọ́ka sí ibí àti ọ̀hún, kó máa sọ ohun tí Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ó ní kí ẹ wò ó dáadáa, ọwọ́ tó wà lẹ́yìn yẹn, wọ́n dè é ni. Ó ní ẹsẹ̀ kan wà láyé, ìkejì ti kọjá sódìkejì. Ó ní 417, oṣù kẹrin, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Òróró dòdò di ìyẹ́ áńgẹ́lì. Nígbà tó dé orí ojú, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò rí i pé ó ti dijú ni?"

Ayé gbọ́, ọ̀run mọ̀. Àwọn èèyàn ń sunkún lábẹ́ àwòrán tí Zulfah fi ọwọ́ olóròóró yà. Ẹnì kan láti Wárí kọ ojú ewé méjì lórí kaba nìkan. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí kò ka lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ tán rí ló ń ka ìlà báírò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ Zulfah. Ẹ má bínú sí i jù. Ọmọ tí ọ̀gá rẹ̀ ń pè ní "ìwọ yìí" láti ọdún méjì ni wọ́n wá ń pè ní olóye, ní aríran, ní ẹni tí Ọlọ́run fún lẹ́bùn. Ogechi, tí wọ́n jọ ń lo tábìlì kan ní ọ́fíìsì, sọ fún un lọ́jọ́ Jímọ̀ náà pé kó tètè ṣàlàyé.

"Zulfah, tell them say na ordinary drawing. Wọ́n ti ń sọ pé ọmọ ọlọ́mọ ti kú."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o."

"Ṣùgbọ́n ìwọ lo dákẹ́."

Zulfah ní òun máa kọ ọ́ tó bá di alẹ́. Alẹ́ lẹ́, kò kọ ọ́. Ó ní tó bá di ọ̀la. Àárọ̀ Sátidé ni Raphael wá kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sí i ní gbangba, ó ní àwọn ti gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó sì fi àdúrà parí rẹ̀: "Arábìnrin, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. Kò ní jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ ẹ́."

Ó dáa, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ Yorùbá ṣe? Èèyàn ṣàdúrà fún ẹ, o wá fi àdúrà sílẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé? Kò tilẹ̀ ronú sí i. Ó kọ "Àmín" sí i, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ fọ aṣọ.

Àfi bí ẹni pé ó da epo síná. Raphael ní, "Ó ti ṣe àmín! Ó ti jẹ́rìí sí i!" Nígbà tí Zulfah fi máa sá aṣọ tán, àwọn èèyàn ti ń kọ "sùn re o" sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Ó jókòó láti kọ ọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó tún pa á rẹ́. Ojú ń tì í. Tó bá sọ pé ìwé ló tán ni ẹsẹ̀ ò fi pé méjì, wọ́n á fi ṣẹ̀sín láti Ajégúnlẹ̀ dé Àbújá. Sátidé kọjá báyìí, Sọ́ńdè náà kọjá.

Ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ajé, bàbá rẹ̀ pè é ní ọ́fíìsì. Bàbá kì í pè é níbi iṣẹ́.

"Zulfah, kó báàgì rẹ, kó o máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣé kò sí o, Bàbá?"

"Ìyá Ebiere wà níbí."

Kẹ̀kẹ́ ló wọ̀, kò sì mọ ìgbà tó dé. Ó bá ìyá náà lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn dírẹ́bà tírélà máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń dúró de táyà. Obìnrin àgbà kan ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó so gèlè dúdú mórí, ó tẹ́ aṣọ ìnujú sábẹ́ ìdí kí gírísì má bàa ba ìró rẹ̀ jẹ́. Ó di fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Lọ́wọ́ òsì, ó mú àwòrán náà, tí wọ́n ti tẹ̀ sórí páálí, tó sì wà nínú ọ̀rá. Bàbá Zulfah ti pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ó sì ti ní kí àwọn oníbàárà lọ máa bọ̀.

Zulfah kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Dìde, ọmọ mi. Ìwọ lo yà á?"

"Èmi ni, mà."

Ìyá náà wò ó títí. "I don waka since yesterday. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ń wá bọ̀, kí wọ́n tó júwe ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ fún mi. Lánàá, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n gbé àwòrán yìí sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde dúró fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan. Èmi náà dìde. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ni mo dìde fún. Pásítọ̀ ló wá sọ fún mi. Àbúrò ọkọ mi ti pè láti ilé, ó ní ọjọ́ wo la máa gbé òkú bọ̀. Òkú wo? I never see any body. Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n ni mo wá bá. Sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní pariwo."

Zulfah ti rò pé wọ́n máa bú òun ni. Èébú ì bá sàn.

"Mà, mi ò mọ nǹkan kan."

"Má fi pamọ́ fún mi."

"Mi ò fi nǹkan pamọ́, mà. Mo kàn fẹ́ràn wọn ni mo ṣe yà wọ́n."

Ìyá náà yọ páálí náà nínú ọ̀rá, ó gbé e lé orúnkún, ó fi ìka tọ́ka sí ẹsẹ̀. "Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?"

"Ìwé ló tán, mà."

"Ìwé ló tán." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ àjèjì wò. "Ọwọ́ ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n dè é."

"Mi ò mọ ìka yà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Nọ́ńbà yìí?"

"Nọ́ńbà kọ̀nténà ni, mà. Ẹ̀yìn ìwé ọ́fíìsì ni mo yà á sí. Ibi tó pọ́n yìí, òróró dòdò ni."

Fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rín fẹ́ẹ́ yọ lẹ́nu ìyá náà. "Dòdò. Ebiere like am well well." Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ gòkè, ó dúró lórí ojú méjèèjì tó dí. Zulfah wo bàbá rẹ̀, ó tún wolẹ̀. Báwo ló ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn láìdójú ti bàbá rẹ̀ níwájú àlejò?

Mansur Àjàmú ló sọ̀rọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá náà, àgbàlagbà ọkùnrin tí kì í bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Malu Road.

"Màmá Ebiere, èmi ni mo di ojú yẹn. Kì í ṣe ọmọ yìí. Láti kékeré ni mo ti sọ fún un pé kó má la ojú fún ẹni tó bá yà, torí mo ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìyá rẹ̀ tó ti lọ, ó yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin mi ni. Oorun ni mo pè é. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹlòmíràn á rí i, á sì pè é ní ikú. Ẹ forí jì mí."

Tírélà kan kọjá, ilẹ̀ mì tìtì. Ìyá náà dúró kí ariwo náà lọ tán.

"So nobody know anything," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ọkùnrin fìlà yẹn ò mọ̀. Pásítọ̀ ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀."

"A ò mọ̀, mà," ni Zulfah dáhùn.

Ìgbà náà ló tó sunkún. Ó ní òun ò ní pariwo, kò sì pariwo. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀, ó ń kán sórí páálí. Ìdùnnú wà nínú ẹkún náà, nítorí pé ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò rí òkú rẹ̀ lè wà láàyè. Ìbànújẹ́ sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé fún ọjọ́ méjì péré, ó ti rò pé ẹnì kan wà láyé yìí tó mọ ibi tí ọmọ òun wà. Zulfah náà ń sunkún. Ó rò ó pé ká ní òun kọ ìlà kan péré lọ́jọ́ Jímọ̀, obìnrin yìí ì bá má dìde dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá.

Nígbà tó ṣe, ìyá náà fi etí gèlè nu ojú. "Àwọn èèyàn tó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ, wọ́n tó mélòó?"

"Wọ́n ti tó ọ̀kẹ́ méjìlá, mà."

"Ó lè wà nínú wọn?"

"Tí wọ́n bá ní fóònù lọ́wọ́, wọ́n ti máa rí i, mà."

"Gbogbo wọn ń sọ ìtumọ̀. Ó dáa. Sọ fún wọn pé o ti fẹ́ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Èmi ni mo máa pè é, ìwọ máa kọ ọ́. Mi ò mọ ìwé."

Zulfah mú fóònù. Ó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀: pé ìwé ló tán, pé òun ò mọ ìka yà, pé nọ́ńbà kọ̀nténà ni, pé bí òun ṣe ń di ojú gbogbo ẹni tí òun bá yà nìyẹn, pé òun ò mọ ohunkóhun nípa Ebiere, àti pé àmín tí òun ṣe, àmín àdúrà ni. Kò pa ọ̀kankan rẹ́. Ojú kò tì í mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá Ebiere bẹ̀rẹ̀ sí í pe tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Ebiere, na your mama. My number never change. Fóònù mi ò kú rí láti oṣù mẹ́jọ. I no vex again." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Rárá. Pa ìyẹn rẹ́. Kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo sọ fún un lójú àwọn ará ilé pé kó má fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà mi mọ́, torí ọkùnrin kan tí mi ò fẹ́ kó fẹ́. Mo sọ ọ́. Ó sì gbọ́ tèmi, kò fẹsẹ̀ kàn án mọ́. Kọ ọ́ pé: make you no vex."

Zulfah kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó gbé e síta.

Wọ́n ń dúró. Bàbá Zulfah gbé omi inú ọ̀rá wá, ó sì gbé agbòjò ńlá tó fi ń bo ẹ̀rọ rẹ̀ bo ìyá náà lórí, nítorí oòrùn ti yí débi bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́, fóònù Zulfah bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ṣé òun ni?"

Zulfah wò ó. *Wọ́n ti fún un lówó kó pa òótọ́ mọ́.* "Rárá, mà."

Ó tún dún. "Òun nìyẹn?"

*Irọ́ ni, ìyá Ebiere ti kú tipẹ́.* "Rárá, mà. Òun kọ́."

Ó ń dún léraléra. Raphael ti wọlé, ó ní kò sí olóye tó máa ń sọ ìtumọ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rù ló ń ba ọmọbìnrin náà. Àwọn tí wọ́n gba ìyẹ́ áńgẹ́lì gbọ́ láìjanpata ò gba dòdò gbọ́. Ẹnì kan béèrè pé kí ni "make you no vex" dúró fún, ẹlòmíràn sì ti ń tú u. Nínú gbogbo ìtumọ̀ tí àwòrán yẹn ní, èyí nìkan ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

"Mà," ni Zulfah sọ, "wọn ò gbà á gbọ́."

"Mi ò ní kí wọ́n gbà á gbọ́." Ìyá náà sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì, títí èjìká wọn fi kanra. Kò wo àwòrán orúnkún rẹ̀ mọ́, fóònù ló ń wò, àwọn lẹ́tà tí kò mọ̀ tí wọ́n ń gòkè lọ. "Ka orúkọ wọn fún mi. Orúkọ nìkan. Má fo ẹnikẹ́ni."

Zulfah nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.